Ariwo òǹwòran: ṣé ó ń gbe ikọ̀ ni, àbí ó ń kó bá wọn?

Òǹwòran_Tòótọ́: Ẹ jẹ́ n sọ tèmi kẹ́ ẹ tó bú mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé ètò kóòṣì ló ń jẹ́ kí ikọ̀ borí, ẹ ò tíì jókòó sáàárín èrò tó ń ké lẹ́ẹ̀kan náà. Ariwo yẹn máa ń gbé agbábọ́ọ̀lù kọjá agbára ẹ̀. Balógun ikọ̀ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tínú ẹ̀ ń ru. Ta ló ń tẹ̀ lé ẹni tí kì í bínú?

Aṣọ́lé_Àtijọ́: Ẹ̀gbọ́n, ojú èèyàn kì í ṣiṣẹ́ kan náà lára gbogbo wa. Ní 1982, olùṣèwádìí kan tó ń jẹ́ Michaels àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ń wo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ta bílíádì, bọ́ọ̀lù orí tábìlì yẹn, láti òkèèrè, kí wọ́n tó wá dúró ti tábìlì wọn gbagidi. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ta, tí wọ́n ń jẹ 71 nínú 100 tẹ́lẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ 80. Àwọn tí ò mọ̀ ọ́n ta já láti 36 sí 25. Ohun tí Zajonc, onímọ̀ nípa ìṣesí ẹ̀dá, ti sọ ní 1965 nìyẹn: tí wọ́n bá ń wò wá, ohun tó ti mọ́ wa lára ló máa ń yọjú. Tó bá wá jẹ́ àṣìṣe ló mọ́ ọ lára ńkọ́?

Òǹwòran_Tòótọ́: Bílíádì kẹ̀! Ta ló ń sáré nídìí bílíádì?

Onífèrè: Ó dáa, ẹ jẹ́ ká gba ti bọ́ọ̀lù. Nígbà tí Bundesliga, líìgì Jámánì, padà bẹ̀rẹ̀ lóṣù Karùn-ún 2020 láìsí èrò nítorí Kòrónà, àǹfààní onílé já wálẹ̀. Káàdì yẹ́lò tó sábà máa ń pọ̀ sọ́wọ́ àlejò náà ò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ṣáájú ìyẹn, ní 2002, olùṣèwádìí kan tó ń jẹ́ Nevill àtàwọn méjì míì fi fídíò ìkọlù kan náà han àwọn rẹfirí. Àwọn kan ń gbọ́ ariwo èrò, àwọn kan ò gbọ́. Àwọn tó gbọ́ ọ ò fi bẹ́ẹ̀ fọn fèrè fún onílé pé ó jẹ̀bi. Ẹni tó bá ti fọn fèrè rí á jẹ́rìí sí i: bí èrò bá ké "háà!", ọwọ́ á ti máa lọ sẹ́nu kójú tó rí nǹkan kan.

Òǹwòran_Tòótọ́: Ẹ ṣé, ẹ ti gbè mí! Bó gba ara rẹfirí, bó gba ara agbábọ́ọ̀lù, gólì ni gólì.

Ìyá_Ikọ̀: Ní Belo Horizonte, 8 oṣù Keje 2014, nínú Ife Àgbáyé, ilé ta ni Brazil wà? Jámánì gbá 7, wọ́n gbá 1. Láàárín ìṣẹ́jú 23 sí 29, gólì mẹ́rin ti wọlé. Thiago Silva tó jẹ́ balógun ò lè gbá nítorí káàdì. David Luiz tó dípò ẹ̀ wá ń fi ẹ̀yìn sílẹ̀ lọ síwájú. Ariwo wà, ìtara wà, ta ló ń sọ fáwọn ará ẹ̀yìn pé kí wọ́n dúró?

Fàdákà_10: Ìyá wa, mo gbà, àmọ́ ẹ má pa ìbínú pọ̀ mọ́ ìgboyà. Kí n fi gbogbo ara wọ bọ́ọ̀lù kò burú. Kí n wọ ẹsẹ̀ ẹ kí gólì má baà wọlé, mo rú òfin, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mò ń wá. Kí n kàn fẹ́ kó dùn ọ́, tèmi ti bà jẹ́. Zidane ni balógun Faransé ní àṣekágbá Ife Àgbáyé 2006 ní Berlin. Ìṣẹ́jú 110 ló forí kan Materazzi ti Ítálì láyà, káàdì pupa.

Òǹwòran_Tòótọ́: Balógun tó ń pariwo ló ń jẹ́ kí gbogbo mọ́kànlá ṣiṣẹ́, ṣá.

Aṣọ́lé_Àtijọ́: Pé èèyàn pọ̀ kọ́ ló ń jẹ́ kí gbogbo wọn ṣiṣẹ́. Olùṣèwádìí kan, Ringelmann, tó gbé iṣẹ́ ẹ̀ jáde ní 1913, ní káwọn èèyàn fa okùn. Bí wọ́n ti ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ipá ẹnì kọ̀ọ̀kan ń dín. Nígbà tó yá, olùṣèwádìí míì, Ingham, di àwọn kan lójú ní 1974, ó jẹ́ kí wọ́n rò pé àwọn míì wà lẹ́yìn wọn, wọ́n sì dẹwọ́ lóòótọ́, bẹ́ẹ̀ àwọn nìkan ló ń fà á! Ẹni tó ń pariwo sí gbogbo yín lápapọ̀ ò ní rí ìyẹn. Ẹni tó pe orúkọ ẹ, tó sọ pé "ìwọ lo fi ọmọ yẹn sílẹ̀", òun ni mo fẹ́ fún ní ipò balógun.

Òǹwòran_Tòótọ́: Ti okùn yẹn, mo gbà. Ti Zidane, mi ò gbà. Materazzi ló kọ́kọ́ sọ̀kò ọ̀rọ̀.

Fàdákà_10: Òun ló kọ́kọ́ sọ ọ́ lóòótọ́. Nígbà tí wọ́n ń gbá pẹnáritì, ta ni ò sí lórí pápá nínú àwọn méjèèjì?