Sípíkà kọ́ ló ń kùn

Ní Ìlọrin níbí, bí rédíò ńlá inú pálọ̀ bá ti ń kùn "hùùùn", ohun tí gbogbo èèyàn máa sọ ni pé sípíkà ti jó. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ fún ọdún pípẹ́.

Sípíkà tó jó kì í kùn. Pépà, wáyà tí wọ́n wé bí òwú àti mágínẹ́ẹ̀tì ló wà níbẹ̀. Ohun tí amplifáyà, ẹ̀rọ tó ń sọ ohùn di ńlá, bá rán sí i nìkan ló mọ̀ ọ́n sọ. Bó bá jó, ó máa ya lóhùn tàbí kó dákẹ́ pátápátá. Hùùùn tó ń dún nígbà tí ẹ kò tíì fi orin sí i, iná nìyẹn. Iná wa ń lọ, ó ń bọ̀, nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìró yẹn lẹ ń gbọ́.

Àlàájì tó wà lẹ́yìn ilé wa ní Tánkẹ̀ ti pààrọ̀ sípíkà lẹ́ẹ̀mẹta. Lọ́jọ́ Jímọ́ kan tó fẹ́ gbọ́ dàdàkúàdà, ó ránṣẹ́ pè mí.

"Ṣé o gbọ́ ọ? Tuntun mà nìyí o!"

"Ẹ jẹ́ kí n wò ó, Àlàájì."

Mo fa gbogbo okùn tó ń gbé ohùn wọ ẹ̀yìn amplifáyà yọ. Kẹ́! Ó dákẹ́. (Ká ní kò dákẹ́ ni, inú amplifáyà gan-an là bá wò, kápásítọ̀ rẹ̀, èyí tó ń mú kí iná inú rẹ̀ dúró déédéé, ló sábà máa ń rẹ̀.) Mo ń dá wọn padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: ti DVD, kò sí nǹkan, ti dìkódà, hùùùn dé. Mo wá yí wáyà díìṣì kúrò lẹ́yìn dìkódà, ó tún dákẹ́.

Irin tó gbé díìṣì dúró ti gba ọ̀nà tirẹ̀ wọ ilẹ̀, amplifáyà gba ti sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ilẹ̀ méjèèjì kò bára dọ́gba, iná díẹ̀ wá ń gba inú okùn ohùn kọjá. Ground loop isolator kékeré kan, tó ń jẹ́ kí ohùn kọjá àmọ́ tó ń dí iná yẹn lọ́nà, ni mo fi sáàárín dìkódà àti amplifáyà, ó tán.

Àwọn kan máa ń gé ẹsẹ̀ kẹta orí púlọ́ọ̀gì, èyí tó so irin amplifáyà mọ́ ilẹ̀. Hùùùn lè lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí iná bá fara kan irin amplifáyà, ọwọ́ ẹni tó bá dì í mú ló máa gbà kọjá. Ẹ má dán an wò.

Sípíkà àkọ́kọ́ tó "jó" ṣì wà ní bárándà. Mo so ó, orin dún kedere. Àlàájì kọ́kọ́ wò ó, ó wá wò mí.

"Mo ti ta méjì tó kù fún àwọn tó ń ra irin àlòkù."