Ẹ Kọ Orúkọ Ọmọ Wa Pé

Lórí ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀rí ìbí tó ń jáde ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, ohun tí ẹ máa rí ni irú "Akinwole Ojo", láìsí àmì lórí, láìsí àmì lábẹ́. Ẹni tó bá mọ ìdílé náà á pè é ní Akínwọlé Òjó. Ẹni tí kò bá mọ̀ wọ́n lè kà á pé akin wó ilé, kó sì sọ baba ọmọ di ojo. Akin tó wọlé wá bá ìdílé wá di akin tó wó ilé wọn. Ohun tí àwa ń sọ nínú ìwé ìròyìn yìí ni pé kí èyí dópin. Kí àjọ elétò ìkànìyàn, ìjọba ìbílẹ̀, ilé ìwòsàn àti ilé ìwé máa fi àmì kọ orúkọ ọmọ Yorùbá, kí wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ fún oríkì. Kí àwọn òbí náà máa gbé orúkọ tí wọ́n ti kọ pé lọ fún wọn.

Ìdí tí a fi mú ọ̀rọ̀ yìí lọ́kùn-únkúndùn ni pé orúkọ wa máa ń ròyìn ìbí. Ìgè ni ọmọ tó mú ẹsẹ̀ wáyé. Àjàyí ni ó dojú bolẹ̀. Òjó ni ọmọkùnrin tí ìwọ́ wé mọ́ lọ́rùn, Àìná sì ni obìnrin irú rẹ̀. Olúgbódi ní ìka mẹ́fà. Ìyá Ìlọ̀rí kò rí nǹkan oṣù rẹ̀ kó tó lóyún rẹ̀. Ohun tí nọ́ọ̀sì ń kọ sínú fáìlì lónìí, inú orúkọ ni àwọn baba wa ń kọ ọ́ sí, gbogbo àdúgbò sì mọ̀ ọ́n kà. Ẹni tó bá pàdé Àlàbá ti mọ̀ pé Táíwò, Kẹ́hìndé àti Ìdòwú ti ṣáájú rẹ̀ wá sílé ayé. Ẹ wo Bíṣọ́ọ̀bù Crowther, ọmọ Òṣogùn ní ìpínlẹ̀ wa yìí, tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821. Nígbà tí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un ní 1825, orúkọ àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì kan ni Samuel Crowther tí wọ́n fún un. Orúkọ yẹn kò sọ nǹkan kan nípa òun fúnra rẹ̀. Àjàyí nìkan ló sọ bó ṣe wáyé.

Orúkọ àbíkú wà níbẹ̀ pẹ̀lú: Málọmọ́, Dúrójayé, Kòsọ́kọ́, Bánjókòó. Ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń sá fún wọn, wọ́n ń yí wọn padà sí orúkọ tó dùn ún gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí. Ọwọ́ wọn ni ìyẹn wà. Àmọ́ kí wọ́n tó pa orúkọ náà rẹ́, kí wọ́n rántí ohun tó ń sọ. Ìdílé tí Málọmọ́ àti Kòsọ́kọ́ bá pọ̀ nínú ìran rẹ̀ ti sin ọmọ púpọ̀ rí, àìsàn inú ẹ̀jẹ̀ tí a ń pè ní sickle cell sì wà lára ohun tó lè fa irú ikú bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó bá rí orúkọ yìí nínú ìwé baba ńlá rẹ̀ ní ìdí pàtàkì láti lọ ṣe àyẹ̀wò genotype kó tó fẹ́ ìyàwó. Bí wọ́n bá ti pa á rẹ́ nínú ìwé, ta ni yóò sọ fún un?

Oríkì ni ó dùn wá jù. Àjàní, Àkànní, Àyìndé, Àlàó, Àrẹ̀mú, Àjàgbé fún ọkùnrin. Àṣàkẹ́, Àbẹ̀kẹ́, Àníkẹ́, Àdùkẹ́, Àbẹ̀ní, Àmọ̀kẹ́ fún obìnrin. Ọ̀dọ̀ àwa Ọ̀yọ́ ni ó ti fìdí múlẹ̀ jù lọ. Àlùfáà Samuel Johnson, tó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní Ọ̀yọ́ níbí ní 1897, tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921, ya orúkọ sí ọ̀nà mẹ́ta: àmútọ̀runwá, àbísọ, oríkì. Ó tún kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n ń sọ ọkùnrin lórúkọ, ọjọ́ keje ni ti obìnrin, ọjọ́ kẹjọ ni ti ìbejì. Gbogbo wa ti kó jọ sí ọjọ́ kẹjọ báyìí, kò sì burú. Èyí tó burú ni pé oríkì, tó jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta, kò ní àyè nínú fọ́ọ̀mù kankan. Orúkọ ìdílé, orúkọ àkọ́kọ́, orúkọ àárín, ó parí. Bí ìyá àgbà tó ń fi oríkì pe ọmọ bá ti kú, oríkì náà kú pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ìwé ni ẹ máa bi ní oríkì wọn, tí wọ́n á máa wo ẹnu yín.

Àwọn ẹ̀yà àti orílẹ̀-èdè mìíràn kò fi orúkọ tiwọn ṣeré. Ògbómọ̀ṣọ́ kò ṣàjèjì sí ti Gánà, torí ọ̀pọ̀ ìdílé ibẹ̀ ló gbé Tàmálè àti ìlú òkè Gánà mìíràn títí òfin ìjọba Busia, olórí ìjọba Gánà nígbà náà, fi lé wọn wálé láti ìparí ọdún 1969. Wọ́n mọ̀ pé ọjọ́ ìbí ni àwọn Akan fi ń sọ ọmọ: Kofi fún ọkùnrin tí wọ́n bí lọ́jọ́ Ẹtì, Kwame fún ti Sátidé, Ama fún obìnrin Sátidé, Akosua fún ti ọjọ́ Àìkú. Àwọn Hausa ní Sábó ní tiwọn: Ladi ní ọjọ́ Àìkú, Tani ní Mọ́ńdè, Laraba ní Ọjọ́rú, Jummai ní Jímọ̀. Ọjọ́ ọjà ni àwọn Igbo fi ń ṣe é, ìyẹn ló bí Okeke, Okorie, Okafor àti Okonkwo, láti ara Eke, Orie, Afọ àti Nkwọ. Ní Vietnam, tí ohùn ṣe kókó nínú èdè wọn bíi tiwa, káàdì ìdánimọ̀ wọn ń gbé àmì orí àti àmì ìsàlẹ̀ bó ṣe wà lẹ́nu. Iceland, tí gbogbo èèyàn inú rẹ̀ kò tó 400,000, ní ìgbìmọ̀ kan láti 1991 tó ń yẹ orúkọ tuntun wò: ó gbọ́dọ̀ bá gírámà èdè wọn mu, kí a fi lẹ́tà wọn kọ ọ́, kó má sì fi ọmọ ṣẹ̀sín. A ò fẹ́ irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Ọ̀yọ́, torí bàbá àti ìyá ọmọ ló ni orúkọ. Kí ìjọba kọ ohun tí wọ́n sọ, bí wọ́n ṣe sọ ọ́, ìyẹn nìkan ni a ń béèrè.

A ò sì bá orúkọ òkèèrè jà. Kí ẹni tó bá fẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n ni. Thomas, láti inú èdè Árámáíkì, ìbejì ni. Bí ẹ bá sọ ọmọ tó dá wá ní Thomas nílé tí Táíwò àti Kẹ́hìndé wà, ẹ ti sọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Àgbẹ̀ ni George lédè Gíríìkì. Michael ń béèrè pé ta ló dà bí Ọlọ́run. Ti àwọn Mùsùlùmí gba ìṣọ́ra jù: "Abdul" nìkan kò tíì parí, ẹrú ti ẹni kan ni, ó sì gbọ́dọ̀ sọ ti ta ni. Abdul-Rahman ni ẹrú Ọba Aláàánú jù lọ. Akọ̀wé tó bá gé e, tó kọ Abdul sí àpótí kan, tó kọ Rahman sí òmíràn bí orúkọ àárín, ti ba orúkọ náà jẹ́, torí orúkọ Ọlọ́run ni Rahman.

Ibi tí nǹkan ti ń bàjẹ́ kò ṣòroó rí. Wọ́n bí ọmọ, ilé ìwòsàn kọ "Baby" sí orúkọ bàbá rẹ̀ lórí káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára. Lẹ́yìn ìsọmọlórúkọ, ẹnì kan nínú ẹbí, ẹni tí kò sí níbi ìsọmọlórúkọ nígbà mìíràn, lọ pe orúkọ fún akọ̀wé àjọ elétò ìkànìyàn. Akọ̀wé kọ ohun tí etí rẹ̀ gbọ́: Ṣọlá di Shola, Olúwaṣeun di Oluwasehun, Mọ́shúdì di Mashood. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kọ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gba NIN, nọ́ńbà oníka 11 yẹn, akọ̀wé kẹta tún kọ òmíràn. Kò sẹ́ni tó máa fura títí ọmọ á fi fẹ́ ṣe JAMB, tó jẹ́ pé inú NIN ló ti ń fa orúkọ yọ. Ibẹ̀ ni òbí á ti máa sáré lọ sí kóòtù fún ìwé ìbúra, á lọ san owó ìpolówó nínú ìwé ìròyìn, á san owó àtúnṣe NIN, nígbà tí ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ ti ń lọ sópin. Lẹ́tà kan tàbí méjì ló fà á.

Wọ́n á ní kọ̀ǹpútà kò gba àmì. Ó gbà á. Nínú Unicode, ètò tí fóònù àti kọ̀ǹpútà òde òní fi ń tọ́jú lẹ́tà, ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn. Lórí fóònù Android, ẹni tó bá fi Yorùbá kún èdè Gboard, pátákó ìtẹ̀wé Google, ń rí wọn tẹ̀ láìsan kọ́bọ̀. Ìṣòro gidi wà lórí lẹ́tà tó ní àmì lórí tó tún ní lábẹ́. Ẹ́ àti ọ̀ kò ní nọ́ńbà ẹyọ kan. Kọ̀ǹpútà ń to àmì ohùn lé lẹ́tà ni, ó sì ń kà wọ́n sí méjì, àní sí mẹ́ta nígbà mìíràn. Ojú wa rí lẹ́tà 14 nínú Olúwafúnmiláyọ̀. Bí ètò orí kọ̀ǹpútà bá ya gbogbo àmì sọ́tọ̀, 19 ló máa kà. Àpótí tó bá gba 15 péré á gé orúkọ ọmọ yẹn ní ìdajì ọ̀nà. Ewu kejì ni pé ọ́fíìsì kan lè tọ́jú lẹ́tà bíi á bí ohun kan, kí òmíràn tọ́jú ú bíi méjì. Lójú ènìyàn, orúkọ kan náà ni. Lójú ẹ̀rọ, ẹni méjì ni.

Àtúnṣe rẹ̀ kò ju iṣẹ́ ẹni tó mọ ètò kọ̀ǹpútà lọ. Kó fẹ àpótí orúkọ dé 60 ó kéré tán. Kó sọ gbogbo orúkọ tó bá wọlé di oríṣi kan, èyí tí wọ́n ń pè ní NFC, kó tó fi wọ́n wéra. Kó wá ní àpótí méjì: ọ̀kan fún orúkọ pẹ̀lú àmì, tí yóò jáde lórí ìwé, èkejì fún orúkọ láìsí àmì, tí ọ́fíìsì mìíràn àti báńkì lè fi wá a. Ìwé ìrìnnà gan-an ti ń tẹ̀lé irú ìlànà yìí lágbàáyé: ní ìlà méjì ìsàlẹ̀ tí ẹ̀rọ ń kà, lẹ́tà A dé Z nìkan ni wọ́n fi ń kọ orúkọ, òfin ICAO, àjọ ọkọ̀ òfurufú àgbáyé, sì fàyè gba lẹ́tà èdè olúkúlùkù ní apá òkè tí ènìyàn ń kà. Ẹni tó bá wá sọ pé àmì kò lè jáde lórí ìwé ẹ̀rí ìbí, kò tíì gbìyànjú ni.

Ọ̀dọ̀ òbí ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ṣá. Bí oyin, iyọ̀, obì, orógbó àti ataare ṣe wà nílẹ̀ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, kí ìwé àti gègé wà níbẹ̀. Kí ẹni tó mọ Yorùbá kọ dáadáa jókòó ti ẹni tó ń pe orúkọ, kó sì ní kó tún un pè lẹ́ẹ̀kan sí i. Kó kọ orúkọ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àmì, ẹni tó sọ ọ́, ìdí tó fi sọ ọ́, oríkì ọmọ, ọjọ́ àti wákàtí ìbí. Kí wọ́n yan èyí tí yóò ṣáájú, torí ọmọ tó ní orúkọ 15 lẹ́nu àwọn àna kò lè kó gbogbo wọn wọ fọ́ọ̀mù. Kí wọ́n ya fọ́tò ìwé náà, kí bàbá tàbí ìyá fúnra rẹ̀ gbé e lọ sí ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ kí ọjọ́ 60 tí òfin ọdún 1992 là sílẹ̀ tó pé. Kí wọ́n má pe orúkọ fún akọ̀wé. Kí wọ́n tẹ́ ìwé síwájú rẹ̀. Kí wọ́n ka ohun tó kọ, lẹ́tà sí lẹ́tà, kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà, ìwé ẹ̀rí yẹn nìkan ni kí wọ́n máa fi hàn ní ilé ìwé àti níbi NIN, kí wọ́n má fi ẹnu sọ orúkọ níbikíbi mọ́.

Àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ Àtìbà, Ìlà-Oòrùn Ọ̀yọ́, Ìwọ̀-Oòrùn Ọ̀yọ́, Àríwá àti Gúúsù Ògbómọ̀ṣọ́ kò nílò láti dúró de Àbújá kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ló ń ṣàkóso ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tí wọ́n ti ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, wọ́n sì lè fi ìlà oríkì kún káàdì tí wọ́n bá tún máa tẹ̀. Wọ́n lè gba ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nínú èdè Yorùbá, irú èyí tí ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ tó wà ní Ọ̀yọ́ ń kọ́, kí ó máa jókòó ti àwọn akọ̀wé lọ́jọ́ abẹ́rẹ́, kó máa yẹ orúkọ wò kó tó wọ ìwé. Wọ́n lè tẹ bébà kan, kí orúkọ àmútọ̀runwá àti oríkì wa tó wọ́pọ̀ wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú àmì, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè tábìlì ìforúkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Owó bébà yẹn kò tó nǹkan. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ lóṣù yìí.