Àwọ̀ ara kọ́ ló ń sọ irú ìwà téèyàn ní

"Ṣé ẹ ò rí i pé pupa ni? Dandan ni kó máa tètè bínú." Bẹ́ẹ̀ làwọn èèyàn máa ń wí. Tó bá jẹ́ ẹni tó dúdú ni, wọ́n á ní onísùúrù ni, tàbí kí wọ́n ní ọ̀rọ̀ jinlẹ̀ nínú rẹ̀. Jiyàn kí wọ́n ka orúkọ ẹni mẹ́ta tí wọ́n mọ̀ fún ọ. Irọ́ ni, ṣùgbọ́n irọ́ tó ti pẹ́ láyé ni, ọ̀rọ̀ kan tó wà lẹ́nu gbogbo wa ló sì fi ṣe ilé: complexion.

Àwọ̀ ara la ń pè bẹ́ẹ̀ lónìí. Kò rí bẹ́ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Inú èdè Látìn ló ti wá, ohun tó sì túmọ̀ sí ni àpòpọ̀. Àwọn oníṣègùn Gíríìsì àtijọ́, látorí àwọn ọmọlẹ́yìn Hippocrates títí dórí Galen ní nǹkan bí 1,800 ọdún sẹ́yìn, gbà pé omi mẹ́rin ló wà lára èèyàn: ẹ̀jẹ̀, kẹ̀lẹ̀bẹ̀, òróòro aláwọ̀ ìyeyè àti òróòro dúdú. Wọ́n ní ẹni tí ẹ̀jẹ̀ bá pọ̀ lára rẹ̀ á lọ́yàyà, olóròóro ìyeyè á jẹ́ onínúfùfù, olóròóro dúdú á máa ronú ṣáá, á sì máa banú jẹ́, nǹkan ò sì ní í tètè ká oníkẹ̀lẹ̀bẹ̀ lára. Bí omi wọ̀nyí ṣe pò pọ̀ lára ẹnì kan ni complexion rẹ̀. Ibn Sina, oníṣègùn ará Páṣíà, náà kọ ọ́ ní èdè Lárúbáwá, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ gbà wọ inú ìwé Látìn.

Oníṣègùn ò lè la inú aláìsàn láti wo iye òróòro tó wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ ló ń wò. Tí ojú bá pọ́n, á ní ẹ̀jẹ̀ ló pọ̀. Tó bá funfun, á ní kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ni. Nígbà tó yá, àmì gba orúkọ mọ́ ohun tó ń tọ́ka sí lọ́wọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá burú ni ọdún 1758. Carl Linnaeus, onímọ̀ ará Sweden tó ń to ewéko àti ẹranko ní ìsọ̀rí-ìsọ̀rí, to èèyàn náà bẹ́ẹ̀, ó so àwọ̀ mọ́ omi ara: ará Amẹ́ríkà pupa, onínúfùfù ni, ará Yúróòpù funfun, ọlọ́yàyà ni, ará Éṣíà pọ́n rúsúrúsú, oníbànújẹ́ ni, ará Áfíríkà dúdú, oníkẹ̀lẹ̀bẹ̀ ni. (Ẹ kúkú rí ẹni tí oyè tó dùn jù já mọ́ lọ́wọ́.) Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ohun tí àwọn àgbà ẹ̀kọ́ yẹn fi kọ́ni ni pé òtútù àti ọ̀rinrin ni kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Báwo ni omi tútù ṣe wá di tẹni tí oòrùn ń pa?

Mẹ́láníìnì ló ń fún awọ ara ní àwọ̀. Iye sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe é fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba lára gbogbo èèyàn. Irú èyí tí wọ́n ń ṣe àti bó ṣe pọ̀ tó ló yàtọ̀, bí oòrùn ṣe mú tó níbi táwọn baba ńlá ẹni gbé láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ló sì fà á. Ẹ wo àfín àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó dúdú, ìyá kan náà, bàbá kan náà. Jíìnì tó jẹ mọ́ mẹ́láníìnì ló sọ àwọn méjèèjì di ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lójú, kò sọ ẹni tí yóò le tàbí ẹni tí yóò rọ̀.

Kí ló wá dé tó fi dà bíi pé ẹni pupa ló ń bínú jù? Tí inú bá ń bí èèyàn, ẹ̀jẹ̀ á ya lọ sí ojú. Lára ẹni pupa, etí á pọ́n, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á pọ́n, ọrùn á pọ́n, gbogbo ilé á sì rí i. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ya lọ sójú ẹni dúdú, ojú rẹ̀ gbóná bákan náà, àmọ́ kò hàn. Wọ́n á ní kò bínú. Ọjọ́ tí ẹni pupa ò bá sì bínú, kò sẹ́ni tó ń kà á.

Ẹ̀jẹ̀ tó ń yí ká ara, William Harvey, oníṣègùn ará Ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ti ṣàlàyé rẹ̀ láti 1628. Nígbà tí oníṣègùn Rudolf Virchow ní Jámánì fi máa kọ́ni ní 1858 pé inú sẹ́ẹ̀lì ni àìsàn ti ń bẹ̀rẹ̀, ẹ̀kọ́ omi mẹ́rin ti kógbá sílé nínú ìṣègùn. Àwọn ìdánwò tó ń bi yín bóyá sanguine (ọlọ́yàyà) ni yín àbí melancholic (oníbànújẹ́) ṣì ń fi í ṣòwò. Ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí òróòro dúdú ni melancholic ti wá, láti ìgbà Galen títí dòní, kò sì tíì sẹ́ni tó rí òróòro dúdú ọ̀hún lára èèyàn kankan.