Pat Summitt kò fi àìsàn rẹ̀ pamọ́

Lọ́jọ́ 28, oṣù Kẹfà, ọdún 2016, Pat Summitt jáde láyé ní Knoxville, ìpínlẹ̀ Tennessee, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ẹni ọdún 64 ni. Bí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀, ife-ẹ̀yẹ mẹ́jọ làwọn èèyàn máa ń kọ́kọ́ kà, àti ìdíje 1,098 tó borí láàárín ọdún 38 tó fi jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ àwọn obìnrin ní Yunifásítì Tennessee. Ní tiwa, ohun tó ṣe lọ́dún 2011 ló ju gbogbo ife náà lọ.

Oko ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Ọmọ ọdún 22 péré ni nígbà tí wọ́n fa ẹgbẹ́ náà lé e lọ́wọ́, dọ́là 250 sì lowó oṣù rẹ̀. Owó dónọ́ọ̀tì tí wọ́n tà ni wọ́n fi ra aṣọ ìṣeré àwọn ọmọ náà. Òun fúnra rẹ̀ ló ń fọ̀ ọ́, òun náà ló ń wa ọkọ̀ tó ń gbé wọn ròde. Bó bá bojú wo ọmọ tó ń ṣe ìmẹ́lẹ́, ó ju pàṣán lọ. Gbogbo ọmọ tó sì gbá bọ́ọ̀lù lábẹ́ rẹ̀ títí àsìkò wọn fi pé ló gboyè jáde.

Obìnrin yìí kan náà ló wá ń dúró lójú ìdíje tí ètò tó fẹ́ pè fáwọn ọmọ rẹ̀ kò wá sí i lọ́kàn mọ́. Ó lọ rí dókítà. Wọ́n ní Alzheimer ni, àrùn tó ń jẹ ọpọlọ díẹ̀díẹ̀ tó sì ń gbé iyè lọ. Ì bá wọlé, kó tilẹ̀kùn. Lóṣù Kẹjọ ọdún 2011, lẹ́ni ọdún 59, ó sọ ọ́ fáyé gbọ́, ó ní kẹ́nikẹ́ni má wulẹ̀ káàánú òun. Ó lo sáà kan sí i lẹ́nu iṣẹ́. Holly Warlick, tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún un rí, ló ń bá a gbé èyí tó wúwo. Summitt àti Tyler ọmọ rẹ̀ sì dá àjọ sílẹ̀ láti gbógun ti àrùn náà.

Nílẹ̀ Yorùbá ńkọ́? Bí ìyá bá gbàgbé orúkọ ọmọ tó bí, tó jáde tí kò mọ̀nà ilé mọ́, a ní “màmá ti ń ṣarán”, ọ̀rọ̀ bùṣe. Àwọn kan á tì í mọ́ yàrá ẹ̀yìn kí àlejò má baà rí i. Èyí tó burú jù ni ti àwọn tó ń pè é ní àjẹ́, tí wọ́n ní ó ń jẹ́wọ́ nígbà tó bá ń sọ ìsọkúsọ, tí wọ́n sì ń nà án. Ìyá onìyá, tó ń ṣàìsàn!

Ìwà ìkà ni, ó sì gbọ́dọ̀ dópin. Lóòótọ́, àrùn náà kò tíì ní oògùn tó ń wò ó sàn, àmọ́ ìtọ́jú wà tó ń mú kó rọrùn fún aláìsàn àti fáwọn ará ilé. À ń fẹ́ kí ìjọba àwọn ìpínlẹ̀ wa kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn alábọ́dé láti máa yẹ iyè àwọn àgbà wò, bí wọ́n ṣe ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò. Ẹ̀yin pásítọ̀ àti ẹ̀yin àáfà, bí wọ́n bá gbé irú ìyá bẹ́ẹ̀ wá bá yín, ẹ gbàdúrà fún un, kí ẹ sì ní kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà gan-an.