Sóbò kì í ṣe omi òdòdó

Ẹni tó bá ti mu sóbò tútù lọ́sàn-án gangan ní Ògbómọ̀ṣọ́ yóò ti gbọ́ ọ pé òdòdó ni wọ́n fi sè é. Ìyẹn ò tíì burú. Èyí tó burú ni pé àwọn kan ti ń já òdòdó pupa ara ọgbà ilé wọn, wọ́n ń sá a sóòrùn, wọ́n ní sóbò ọ̀fẹ́ rèé, ṣebí hibiscus tí òyìnbó ń pe sóbò náà ni.

Rárá o. Ìṣápá pupa la fi ń ṣe sóbò, ọmọ ìyá ìṣápá funfun tí àwọn ìyá wa ń fi ẹ̀gúsí sè. Ẹ gbìn ín sẹ́yìnkùlé nígbà òjò, kí ẹ máa wò ó títí di bí oṣù kẹwàá, torí ìgbà tí ojúmọmọ bá ń kúrú ló máa ń tanná. Òdòdó rẹ̀ ò tilẹ̀ pupa. Àwọ̀ ìyeyè tó ṣá díẹ̀ ló sábà máa ń ní, àárín rẹ̀ nìkan ló pọ́n. Ẹni tó bá ti gbin ilá rí á dá a mọ̀, nítorí ìdílé kan náà ni ilá, òwú àti ìṣápá. Ó máa là láàárọ̀, kó tó dalẹ́ ó ti rọ. Kò sẹ́ni tó ń ṣà á.

Ìgbà tí òdòdó bá já bọ́ tán niṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ife kékeré tó gbé e dúró, tó ní ṣóńṣó márùn-ún lẹ́nu, á wú, á nípọn, á pọ́n dòdò, á sì bo èso inú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá gé e jẹ, á kan débi tí ẹ ó fi di ojú. Ife yìí ni sóbò. Wọ́n á ká a kó tó le, wọ́n á ti èso jáde, wọ́n á sá ìyókù.

Òdòdó ọgbà ńkọ́? Hibiscus ni lóòótọ́, àmọ́ oríṣi mìíràn ni. Ife ìdí tiẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, ó tín-ín-rín, kì í sì í wú. Kì í ṣe májèlé. Àwọn ará Éṣíà ń lò ó fún irun, Màléṣíà sì sọ ọ́ di òdòdó orílẹ̀-èdè wọn lọ́dún 1960. Ṣùgbọ́n kò ní kan bíi sóbò láé.

Àwọn tó ń mu òdòdó ọgbà yìí nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń ṣe mí láàánú jù. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2010, èèyàn 65 ni wọ́n fi ṣe é fún ọ̀sẹ̀ 6, àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ru. Nínú nọ́ńbà méjì tí wọ́n máa ń kà fún ẹ̀jẹ̀ ríru, ti òkè fi bíi 7 wálẹ̀ lára àwọn tó mu sóbò lójoojúmọ́. Ìṣápá ni wọ́n mu, kì í ṣe òdòdó ọgbà, ẹnikẹ́ni ò sì ní kí wọ́n fi rọ́pò oògùn dókítà.

Bí èyí tí ẹ rà lọ́jà ò bá dá yín lójú, ẹ ju ẹyọ kan sínú omi gbígbóná. Tó bá jẹ́ ìṣápá, á rọ̀, á ṣí, ẹ ó sì rí ṣóńṣó márààrún àti ihò ìdí rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ti èso jáde. Òdòdó ọgbà á kàn rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀ ni, á máa yọ̀ lọ́wọ́.