Ẹ Pe Àlejò Kékeré Wá sí Àbújá Ná

Lọ́jọ́ Sátidé, bí oòrùn bá ti rọlẹ̀ díẹ̀, àwọn ọmọdékùnrin kan máa ń kóra jọ sórí ilẹ̀ ṣófo kan ní Kubwa, lẹ́bàá Àbújá, tí ẹnikẹ́ni ò tíì kọ́lé sí. Pákó tí káfíńtà gé kù ni báàtì wọn. Bọ́ọ̀lù téníìsì ni wọ́n ń jù, wọ́n ti fi téèpù dúdú àwọn oníná wé e kó lè wúwo lọ́wọ́. Kíréètì mínírà tí wọ́n nà ró ló ń ṣe wíkẹ́ẹ̀tì, ohun tí ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù ń wá láti lù. Hausa ni wọ́n fi ń bára wọn jiyàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ Gbagyi, ọmọ Igbo àti ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ wà nínú wọn. Ìyá ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ yẹn ń ta ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. A bi í bóyá ó mọ ohun tí ọmọ rẹ̀ ń ṣe. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, mi ò mọ̀ ọ́n o. Ẹnì kan ń sọ òkò sí ẹnì kejì, ẹnì kejì ń fi igi lé òkò dànù. Wọn ò sáà jà.”

Kíríkẹ́ẹ̀tì ni, ìyá wa. Eré yẹn gan-an la sì fẹ́ fi bá àwọn aláṣẹ sọ̀rọ̀ lónìí.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, àwọn orílẹ̀-èdè Commonwealth jókòó ní Glasgow, wọ́n sì gbé ìdíje eré ìdárayá wọn ti ọdún 2030 fún ìlú Ahmedabad ní Íńdíà. Àbújá náà wà lára àwọn tó béèrè. Ìgbà kejì rèé. Lọ́dún 2007, Glasgow yìí kan náà ló gba ìdíje ọdún 2014 mọ́ wa lọ́wọ́. Ní báyìí, ọdún 2034 ni wọ́n ń tọ́ka sí fún wa. Ahmedabad tó borí wa ní pápá kíríkẹ́ẹ̀tì tó tóbi jù lọ láyé, èyí tó ń gba ènìyàn tó lé ní ọ̀kẹ́ mẹ́fà. Àwa ń kọ́? Ọ̀rọ̀ ẹnu wa pọ̀, ṣùgbọ́n ìgbà wo la gba ẹgbẹ́ àgbà orílẹ̀-èdè mìíràn lálejò kíríkẹ́ẹ̀tì fún odindi ọ̀sẹ̀ kan ní Àbújá, tí gbogbo ayé sì rí i pé wọ́n délé láyọ̀?

Ohun tí a ń sọ kò ṣòro. Kí ìjọba àpapọ̀ àti àjọ kíríkẹ́ẹ̀tì Nàìjíríà pe ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè kan wá sí Àbújá láti bá tiwa gbá ìdíje márùn-ún láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Kó jẹ́ ti olófà 20, èyí tó ń parí láàárín wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin. Bọ́ọ̀lù mẹ́fà ló ń ṣe ófà kan, nítorí náà ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò rí bọ́ọ̀lù 120 gbá, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tó mọ kíríkẹ́ẹ̀tì sí eré ọlọ́jọ́ márùn-ún tí àwọn òyìnbó fi ń mu tíì kò tíì gbọ́ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ láti oṣù kìíní ọdún 1971, nígbà tí òjò ba eré ńlá jẹ́ ní Melbourne, tí Ọsirélíà àti England wá fi eré ọjọ́ kan ṣoṣo tẹ́ àwọn òǹwòran lọ́rùn. Òjò ló bí i. Láti ọdún 2003 ni England ti gé e kúrú sí ófà 20.

Kí ni a rí tí a fi ń sọ pé irú ìrìnàjò kúkúrú bẹ́ẹ̀ lè tún orúkọ ìlú ṣe? Ẹ wo Pakistan.

Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹta ọdún 2009, àwọn agbébọn dá bọ́ọ̀sì àwọn eléré Sri Lanka lọ́nà ní Lahore, wọ́n da ìbọn bò ó. Ọlọ́pàá mẹ́fà àti aráàlú méjì kú. Láti ọjọ́ náà, àwọn orílẹ̀-èdè ńláńlá inú eré yìí kò fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ mọ́. Tí Pakistan bá fẹ́ gbàlejò, Dubai, Sharjah tàbí Abu Dhabi ló máa ń lọ, bí ẹni tó ń ṣe ìyàwó ní ilé ẹlòmíràn. Ọdún mẹ́fà kọjá kí Zimbabwe tó gbà láti wá, ní oṣù karùn-ún ọdún 2015: ìdíje olófà 20 méjì, olófà 50 mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ ní pápá kan ṣoṣo ní Lahore, láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Wọn ò ní kí wọ́n máa yí orílẹ̀-èdè ká. Ọ̀nà kan, hòtẹ́ẹ̀lì kan, pápá kan. Àǹfààní eré kúkúrú nìyẹn fún ìlú tí ọkàn àwọn ènìyàn kò tíì balẹ̀ sí.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, kì í ṣe pé ewu kò sí. Lálẹ́ ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù náà, bí eré ti ń lọ lọ́wọ́, bọ́ǹbù bú nítòsí pápá yẹn. Wọ́n kọ́kọ́ ní ẹ̀rọ ináńtíríìkì ló bú. Ẹ̀yin ará Nàìjíríà, ó dájú pé irú àlàyé bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí yín. Lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, wọ́n jẹ́wọ́ pé ẹnì kan ló gbé bọ́ǹbù wá pa ara rẹ̀, ọlọ́pàá sì bá a lọ. Síbẹ̀, Zimbabwe parí ìrìnàjò náà. Sri Lanka tí wọ́n yìnbọn lù padà wá sí Lahore lọ́dún 2017. New Zealand dé Rawalpindi ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, ó sì kó ẹrù rẹ̀ padà lọ́jọ́ tí eré fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láì ju bọ́ọ̀lù kan, England náà sì fagi lé tirẹ̀. Ẹni tó rò pé ọ̀rọ̀ ti parí fún Pakistan nígbà yẹn jẹ̀bi, torí lọ́dún 2022 England wá gbá ìdíje olófà 20 méje, New Zealand náà sì padà wá. Nígbà tó di ọdún 2025, àwọn orílẹ̀-èdè wá díje Champions Trophy, ọ̀kan lára ìdíje kíríkẹ́ẹ̀tì ńlá àgbáyé, níbẹ̀. Íńdíà nìkan ló kọ̀, tó lọ gbá tirẹ̀ ní Dubai.

Àwa náà ní ọdún 2022 tiwa. Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹta, àwọn agbébọn kọlu ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ láti Àbújá sí Kaduna. Ní ọjọ́ kejì rẹ̀, Nàìjíríà àti Gánà gbá ọ̀mì ní pápá Moshood Abiola, àwọn òǹwòran tú wọ pápá, wọ́n fọ́ ohun tí ọwọ́ wọn tẹ̀. Ní oṣù keje, wọ́n já ọgbà ẹ̀wọ̀n Kuje. Ẹni tó bá ka gbogbo èyí yóò ní kò sí òbí tó máa fi ọmọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí Àbújá lọ́dún yẹn. Ṣùgbọ́n ní ìparí oṣù kẹsàn-án, àwọn ọ̀dọ́ eléré kíríkẹ́ẹ̀tì láti orílẹ̀-èdè Áfíríkà mélòó kan wá sí Àbújá yìí fún ọ̀kan lára àwọn ìdíje tí wọ́n fi ń ṣa àwọn tó máa lọ sí Ife Àgbáyé àwọn tí kò tíì pé ọdún 19. Wọ́n wá, wọ́n gbá bọ́ọ̀lù wọn, wọ́n lọ. Ta ló pariwo rẹ̀? Kò sẹ́ni. Ohun tó bàjẹ́ nìkan ni ìròyìn Àbújá tó ń dé òkèèrè, èyí tó yanjú ń rà mọ́ wa lọ́wọ́.

A mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Ebi ń pa ará ìlú, ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ kíríkẹ́ẹ̀tì. A ò fojú kéré ọ̀rọ̀ náà, àwa náà ń ra ìrẹsì. Ṣùgbọ́n owó tí a ó fi gba ẹgbẹ́ kan lálejò fún ọjọ́ mẹ́wàá kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí ìdíje Commonwealth máa gbé mì, a ò sì tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni fi ebi dá ìyẹn dúró. Àwọn kan á ní Nàìjíríà kò mọ̀ ọ́n gbá. Irọ́ ni. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, ní Èkó, ráànù 271 (ráànù ni àmì ayò kíríkẹ́ẹ̀tì) ni àwọn ọkùnrin wa kó, Ivory Coast kó méje. Méje, kì í ṣe àṣìtẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, ní Kuching ní Malaysia, àwọn ọmọbìnrin wa tí kò tíì pé ọdún 19 na New Zealand, 65 sí 63, nínú eré tí òjò gé sí ófà 13.

Èkó ló sì ń jẹ gbogbo adùn náà. A ò bínú Èkó, ilé wa ni, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ bá Gold Coast, Gánà òde òní, gbá a lọ́dún 1904. Ṣùgbọ́n ọmọ Kubwa tó ń fi pákó káfíńtà gbá bọ́ọ̀lù kò ní owó ọkọ̀ Èkó.

Tí àlejò bá wá dé, ẹ má fi tirẹ̀ ni aráàlú lára. Gbogbo wa la mọ fèrè tí wọ́n ń fọn ní Airport Road, tí onítakisí á pa iná ọkọ̀ rẹ̀ fún wákàtí kan torí pé ẹni ńlá ń kọjá. Bọ́ọ̀sì eléré kò nílò ìyẹn. Ohun tó nílò ni àwọn ọlọ́pàá tí wọ́n ti san owó iṣẹ́ wọn ṣáájú, àti agbẹnusọ tí kò ní pe bọ́ǹbù ní ẹ̀rọ iná. Ẹ ṣílẹ̀kùn lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé. Ẹ jẹ́ kí rédíò ṣàlàyé eré náà ní Hausa, ní Gbagyi, ní Yorùbá, títí ìyá elẹ́wà á fi mọ ìdí tí wọ́n fi ń fi igi lé òkò.

Ẹni tí ẹ ó kọ́kọ́ kọ̀wé sí kò jìnnà. Zimbabwe ni. Àwọn ni wọ́n gbà láti lọ sí Lahore nígbà tí ẹlòmíràn kọ̀, àwọn náà ni wọ́n gba àwọn ọkùnrin wa lálejò ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025 fún ìdíje Áfíríkà. Tí Zimbabwe bá ní ọwọ́ òun dí, ẹ kọ̀wé sí Uganda. Láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kejì, òjò kì í sáábà rọ̀ ní Àbújá, ọyẹ́ ló máa ń fẹ́. Ìwé ìpè gbọ́dọ̀ ti kúrò nílẹ̀ kí òjò ọdún yìí tó dá.