Owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan kò sọ ẹnikẹ́ni di ayálégbé rere

Níbikíbi tí àwa onílé bá ti pàdé ní Ìkòròdú níbí, ọ̀rọ̀ kan náà là ń tẹnu mọ́: ẹni tó bá lè ka owó ọdún méjì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lẹni gidi, ẹni tó bá ní ọdún kan péré lòun ní, wàhálà ló fẹ́ gbé wọlé. Èmi náà gbà á gbọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Níbo ni èèyàn ti ń rí owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan? Ó lè ṣẹ̀ṣẹ̀ kó àjọ ni. Ó lè yá a nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́ rẹ̀, tí wọ́n á wá máa yọ ọ́ lára owó oṣù rẹ̀ títí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà lókè òkun lè fi ránṣẹ́. Kò sí èyí tó burú níbẹ̀, àmọ́ kò sí èyí tó sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ lọ́dún kẹta.

Ẹni tó jẹ mí ní gbèsè jù nínú ilé tí bàbá wa fi sílẹ̀, ọdún méjì ló san kó tó kó wọlé. Nígbà tọ́dún kẹta dé, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ti kógbá sílé. Oṣù mẹ́rìnlá ló jẹ mí kó tó jáde. Nọ́ọ̀sì kan tí mo dá padà lọ́dún tí mo gba ọkùnrin yẹn, torí owó ọdún kan ló mú wá, ilé aládùúgbò mi ló wà di bí mo ṣe ń wí yìí, kò sì jẹ ẹ́ ní kọ́bọ̀ rí. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí i.

Òfin pàápàá kò sí lẹ́yìn wa. Òfin ilé yíyá Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 ní a ò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, ìjìyà rẹ̀ sì ni ìtanràn ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Apápá, GRA Ìkẹjà, Ìkòyí àti Victoria Island nìkan ni àdúgbò tí wọ́n yọ sílẹ̀.

Ẹ tún ṣírò òfò tó wà nínú dídúró de ọlọ́dún méjì. Ilé tí owó rẹ̀ jẹ́ ₦600,000 lọ́dún, tó bá ṣófo fún oṣù mẹ́rin, ₦200,000 ti wọgbó nìyẹn.

Ohun tí ayálégbé tó mọ iyì ilé máa ń wò yàtọ̀. Á tú omi ẹ̀rọ wò. Á bèèrè bóyá yàrá àti pálọ̀ náà ní mítà tirẹ̀, kó má baà máa san owó iná ẹlòmíì. Á yọjú sí gọ́tà. Lẹ́yìn náà, á fọgbọ́n bi àwọn tó ń gbé inú ilé bóyá onílé máa ń tètè tún nǹkan ṣe, àti bóyá ó máa ń já rìsíìtì.

Àwa náà, ká lọ bèèrè ìwà rẹ̀ níbi tó ti ń bọ̀. Àmọ́ ẹ má fi mọ sọ́dọ̀ onílé tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ báyìí, torí onílé tó bá fẹ́ kí ayálégbé náà jáde kíákíá lè máa yìn ín. Onílé tó gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ṣáájú ìyẹn ni yóò sọ òótọ́.

Nígbà tí yàrá kan ṣófo lọ́dọ̀ mi kẹ́yìn, mo ti tún ẹ̀rọ tó ń fa omi ṣe, mo sì ti ní kí wọ́n san owó ọdún kan. Ayálégbé tó wà lókè ló mú ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ wá. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ni yàrá náà fi ṣófo.